Owó Pẹ́ńṣàn: Gbèsè Ni Àbí Àánú?

Ní ọdún 2023, PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ṣì wà lábẹ́ ètò pẹ́ńṣàn àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní "Mo Wà Láàyè". Bàbá tàbí ìyá àgbà yóò kọjú sí fóònù, ẹ̀rọ yóò wò ó bóyá ojú náà bá èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba mu, bó bá sì bá a mu, owó oṣù tó ń bọ̀ kò ní dúró. Ọmọ-ọmọ ló sábà máa ń di fóònù náà mú. "Bàbá, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ má mi orí. Ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré." Bí yàrá bá ṣókùnkùn jù, wọn á gbé àga bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rántí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò ní bú ètò yìí. Nígbà kan, láti ìdájí ni àwọn arúgbó ti ń tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì ìjọba, oòrùn á yọ bá wọn níbẹ̀, oòrùn á sì wọ̀ bá wọn níbẹ̀. Àwọn kan dákú lórí ìlà. Àwọn kan kò padà délé mọ́. Àwọn ìwé ìròyìn wa gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ títí tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà lábẹ́ abíyá wọn: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn, ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù, ìwé owó oṣù kan tí ìkán ti jẹ létí, fọ́tò pélébé-pélébé, àti fọ́tòkọ́pì gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta. Tíṣà tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ìlú ní ABD, ọ̀rá kan ṣoṣo ló gba gbogbo ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ni irú àgbà bẹ́ẹ̀ wá gbà gan-an? Bó bá jẹ́ gbèsè, "ẹ ṣé" lásán ti tó, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ àánú, kò lẹ́nu láti ráhùn pé owó pẹ́, nítorí a kì í bá ẹni tó ń ṣàánú wa jà. Bó bá sì jẹ́ owó àjọ tirẹ̀ ló wá kó, iye tó bá bá níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fara mọ́. Láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí ti fún un ní ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà mìíràn láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Àánú ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣe òfin pẹ́ńṣàn ní 1951, tí wọ́n sì fa ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn dé 1946, àwọn òyìnbó tó ń sìn níbí ni wọ́n kọ́kọ́ rò mọ́ ọn. Ọwọ́ Gómìnà-Àgbà ni ọ̀rọ̀ sì wà: ó lè fúnni, ó lè má fúnni. Òfin 102 ti ọdún 1979 ló kó òfin pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìjọba jọ sójú kan. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ni, ìyẹn ìdáhùn kejì: gbèsè. Abala 173 sọ̀rọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, abala 210 sọ ti ìpínlẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ dúró tàbí kó yí i padà sí ibi tí yóò ti pa á lára, ó sì pọn dandan kí wọ́n máa tún iye rẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún-márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì.

Lábẹ́ ètò àtijọ́ yẹn, ìlérí náà dùn létí. Ẹni tó bá sìn fún ọdún 35 yóò gba gràtúítì tó jẹ́ owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta gbáko, yóò sì máa gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Òṣìṣẹ́ kò dá kọ́bọ̀ sí i. Ìjọba náà kò sì tọ́jú kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún un; inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún ni wọ́n ti ń yọ ọ́, lẹ́yìn tí àwọn nǹkan tó ní alágbàwí bá ti gba tiwọn tán. Nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n ṣírò gbèsè tó ti kó jọ sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù méjì náírà.

Òfin tuntun náà mú ìdáhùn kẹta wá: owó àjọ. Òṣìṣẹ́ ń dá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ìjọba ń dá iye kan náà. Ní 2014, wọ́n sọ ọ́ di 8 fún òṣìṣẹ́ àti 10 fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Owó náà ń lọ sínú àpò tó ní orúkọ òṣìṣẹ́ lórí, àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń bójú tó o, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ wọn. Kí ọdún 2024 tó parí, àpapọ̀ owó náà ti kọjá tírílíọ̀nù 20 náírà. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n yá a. Ìyẹn ni pé ẹni tó jẹ àgbà ní gbèsè ni àgbà tún ń yá lówó.

Ohun tó yí padà ní 2004 ju bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó lọ. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ló ru ẹrù àìdánilójú: bí ọjà bá gbówó lórí, bí epo rọ̀bì bá já wálẹ̀, wàhálà tirẹ̀ ni. Ní báyìí, òṣìṣẹ́ ló rù ú. Kò sí ẹni tó ṣèlérí iye kan fún un mọ́. Ó ń tọ́jú owó ni, bí owó náà bá sì dàgbà tàbí kó rù, àpò rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun tètè mọ èyí; wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nínú ètò náà láti 2011. Àwọn ọlọ́pàá kò rí ojú rere bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì dúró nínú òjò ní Àbújá, wọ́n ń ṣe ìwọ́de, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ àwọn náà. Àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn tú ìwọ́de ká ni wọ́n wá di olùwọ́de lọ́jọ́ alẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàárín ètò méjèèjì ni ọ̀ràn wọn gba omijé jù. Ẹ wo ẹni tó wọṣẹ́ ní 1985. Ó ti sin ìjọba fún ọdún 19 kí òfin tuntun tó dé. Ìjọba ṣèlérí pé òun yóò ṣírò àwọn ọdún yẹn, òun yóò sì san án sínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì. Nítorí èyí, òfin pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sọ́tọ̀ sí Báńkì Àpapọ̀. Owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ kò tó mọ́ nígbà tó yá. Àwọn èèyàn ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gba ìwé ẹ ṣé ẹ kú iṣẹ́, wọ́n ń padà sílé, ọdún ń gorí ọdún. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ó dára. Àmọ́ owó tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ láti ogún ọdún ni wọ́n ń lọ yá.

Ó yẹ kí ilẹ̀ tó kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó báyìí ní nǹkan láti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní i. A kì í kàn fi wàásù ni.

Nínú ìwé Númérì, orí kẹjọ, òfin ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀ kedere. Ọmọ Léfì yóò wọṣẹ́ àgọ́ ìpàdé ní ọmọ ọdún 25, bó bá sì di ẹni 50 ọdún, iṣẹ́ ti tán lọ́rùn rẹ̀. Ó lè dúró ti àwọn arákùnrin rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbẹ́rù mọ́. Kí ni yóò máa jẹ? Orí kejìdínlógún dáhùn: ẹ̀yà Léfì kò ní ilẹ̀, nítorí náà ìdámẹ́wàá Ísírẹ́lì ni ogún wọn. Kò sí ibi kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti yọ ẹni 50 ọdún kúrò nínú ìpín náà. Orí yẹn kan náà sì pe ìpín náà ní èrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kò pè é ní ọrẹ. Ìdámẹ́wàá tí a ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni pé kí ebi má ṣe pa ẹni tó ti sìn tán. Ó ṣòro láti rántí ìgbà tí pásítọ̀ kan dé ibi ẹsẹ yẹn nínú ìwàásù. Jákọ́bù ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ní orí karùn-ún lẹ́tà rẹ̀, ó ní owó ọ̀yà tí àwọn ọlọ́rọ̀ dá dúró mọ́ àwọn olùkórè lọ́wọ́ ń ké, igbe náà sì ti dé etí Ọlọ́run.

Àwọn Mùsùlùmí ní ìtàn tó tún wọni lára ju èyí lọ. Abú Yúsúfù, tó jẹ́ adájọ́ àgbà ní Baghdad nígbà ayé Hárúnà Ráṣíìdì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí owó orí pé Khálífà Úmárù rí ọkùnrin Júù arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà. Úmárù bi í léèrè ohun tó sọ ọ́ di alágbe. Ọkùnrin náà ní owó orí ni, àti àìní, àti ọjọ́ ogbó. Úmárù fà á lọ́wọ́ lọ sílé ara rẹ̀, ó fún un ní nǹkan, lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ àpò owó ìlú pé kó máa bójú tó ọkùnrin yìí àti irú rẹ̀, nítorí kò bá òdodo mu pé kí àwọn jẹ èwe rẹ̀ tán, kí àwọn wá já a jù sílẹ̀ nígbà tó darúgbó. Ọkùnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ohun tó so ó pọ̀ mọ́ ìlú kò ju pé ìlú ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lágbára.

Ìròyìn mìíràn tún wà, èyí tí Bukhari gbà sílẹ̀. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì Muhammad kó kírun sí i lára. Ó bèèrè bóyá ẹni náà jẹ gbèsè. Wọ́n ní dínárì mẹ́ta ni. Ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òkú náà kírun sí i lára fúnra wọn, àfìgbà tí Abú Kàtádà, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, sọ pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn kí Ànábì tó dìde. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àáfà ṣe ń sáré débi òkú olówó nílẹ̀ wa yóò mọ ìdí tí a kì í fi í sábà gbọ́ ìtàn yìí níbi fídáù gómìnà.

Kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé, àwọn baba wa ní àáró. Àwọn àgbẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra á kó ara wọn jọ: lónìí, oko tèmi, ọ̀tunla, oko tìrẹ. Kò dà bí ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ ti lè fi oúnjẹ àti ẹmu san ọ̀pọ̀ nínú oore náà. Nínú àáró, iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́, ebè fún ebè. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ oko rẹ̀ tán, tó wá ń ṣàìsàn èké nígbà tó kan oko ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò bá a dáwọ́ lé àáró mọ́ nínú ìlú. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ló wà nínú ewu, nítorí òun ti fi agbára tirẹ̀ sílẹ̀ ná, ohun tó sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnìkejì lọ. Ibẹ̀ gan-an ni tíṣà wà lẹ́yìn ọdún 35. Ó ti ro oko àwọn ẹlòmíràn tán. Àwọn ọmọ tó kọ́ ti di dókítà, adájọ́, kọmíṣọ́nnà. Nígbà tó wá kan oko tirẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú fọ́tòkọ́pì wá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ ni pẹ́ńṣàn Yorùbá, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, títí a ó fi bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà iye tó ń gbà lóṣù, àti bóyá kì í ṣe inú owó kan náà ló ti ń san owó ilé ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn kò sì tú ìjọba sílẹ̀. Bí ọmọ mi ń bọ́ mi, gbèsè tí o jẹ mí kò tíì tán.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti le díẹ̀. Ká ní ìjọba ń san pẹ́ńṣàn déédéé, láìpẹ́, láìyingin, tó sì jẹ́ iye tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́jọ́sí ni, ǹjẹ́ ó ti mú ìlérí ṣẹ? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ó ti lé ní 1,400. Iye tó ń wọ àpò òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kò dín. Ohun tó lè rà ló dín. Gbogbo ìyálọ́jà ló mọ ẹni tó ń fi òkúta tẹ ìdí kóńgò wọnú: kóńgò náà ló ń kà fún ọ, ṣùgbọ́n gàrí tó bọ́ sínú abọ́ rẹ kò tó kóńgò. Léfítíkù orí 19 àti Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì gbógun ti irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ gan-an. Owó oṣù tó kéré jù di 30,000 náírà ní 2019, ó di 70,000 ní 2024. Ìwé òfin sọ pé kí pẹ́ńṣàn máa tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kò tẹ̀ lé e, tàbí kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìwọ́de.

Fún Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ra fún èlé, wàhálà mìíràn tún wà, nítorí èlé ìwé ẹ̀yáwó ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú owó àpò pẹ́ńṣàn fi ń pọ̀ sí i. PenCom ṣí àpò kan fún irú wọn ní 2021, Fund VI, tí kì í gba èlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtakò kan wà tó yẹ kí á gbọ́ dáadáa. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà kò ní pẹ́ńṣàn. Kò tíì sí gómìnà tó fún un ní lẹ́tà ìgbani-síṣẹ́. Ó ń san owó ilẹ̀, owó ọjà, owó àwọn tí a kò mọ ẹni tó rán wọn, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ owó tí wọ́n fi ń san pẹ́ńṣàn ọ̀gá àgbà tó fẹ̀yìn tì. PenCom dá ètò kékeré kan sílẹ̀ fún irú rẹ̀ ní 2019, díẹ̀ ló sì tíì wọ̀ ọ́. Kí ló dé tí ìlérí tí ẹnì kan ṣe fún ọ̀gá ní 1980 fi gbọ́dọ̀ di ẹrù ọmọ tí wọ́n bí ní 2005 tí kò ríṣẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀. Ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ẹni tó ń wọṣẹ́ lónìí pé báyìí ni àdéhùn wa yóò ṣe rí, kó rò ó kó tó wọlé. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí àdéhùn padà fún ẹni tó ti ṣe ipa tirẹ̀ tán. Tiẹ̀ wo ọmọ 2005 náà: ilé ìwé tó lọ, ọ̀nà tó ń rìn, ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti bí i, ogún ni ó jẹ́ fún un. Nílẹ̀ Yorùbá àti nínú òfin Ìsìláàmù, a kì í pín ogún kí a tó san gbèsè òkú. Ẹni tó gba ilé baba gba gbèsè baba. Gómìnà tó bá ń sọ pé òun kọ́ ló jẹ gbèsè, ó yẹ kó kúrò nínú ilé ìjọba náà, nítorí òun kọ́ ló kọ́ ọ.

Ṣé ìlú kò lè rẹ̀ débi pé kò ní lè san mọ́ ni? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2013, ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà lọ sí kóòtù, ó ní apá òun kò ká gbèsè òun mọ́. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ Michigan dáàbò bo pẹ́ńṣàn, síbẹ̀ adájọ́ Steven Rhodes sọ ní oṣù kejìlá ọdún yẹn pé àdéhùn bí àdéhùn yòókù ni, àti pé kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè lè dín in kù. Àwọn tí ìlú náà jẹ lówó ń wo àwọn àwòrán olówó iyebíye tó wà nínú ilé ọnà ìlú náà. Àwọn àjọ aláàánú, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé ọnà náà dá owó tó ju 800 mílíọ̀nù dọ́là lọ, kí wọ́n má bàa ta àwọn àwòrán, kí wọ́n má sì gé pẹ́ńṣàn jù. Ní ìkẹyìn, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí panápaná pàdánù ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti àfikún ọdọọdún wọn. Ìyà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìwé owó ìlú síta, wọ́n jiyàn lé e níwájú adájọ́, wọ́n sì ní kí àwọn tí wọ́n fẹ́ gé owó wọn dìbò. Ẹni tí kò ní tó sì sọ fún ọ pé òun kò ní, ó yàtọ̀ sí ẹni tó ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Tiwa kì í sì í ṣe àìní lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, John Yakubu Yusufu, òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́wọ́ pé òun wà lára àwọn tó kó owó pẹ́ńṣàn ọlọ́pàá, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn 750,000 náírà. Ó san owó náà lójú ẹsẹ̀. Ó di 2018 kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ní kó dá bílíọ̀nù 22.9 padà. Abdulrasheed Maina, tí wọ́n yàn pé kó wá tún ètò pẹ́ńṣàn ṣe, gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 nítorí owó tó ju bílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn gómìnà ńkọ́? Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 fún gómìnà tó bá kúrò ní ipò ní ilé kan ní Èkó, òmíràn ní Àbújá, àti ọkọ̀ tuntun lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní 2020. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dín in kù dípò bẹ́ẹ̀. Kò sí gómìnà kankan tí a gbọ́ pé wọ́n ní kó mú lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ tó kẹ́yìn wá kí wọ́n tó san tirẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Kọ́bánì, ní orí keje ìwé Máàkù. Jésù bínú sí àwọn tó ń sọ fún bàbá àti ìyá wọn pé ohun tó yẹ kí àwọn fi tọ́jú wọn ti di ti Ọlọ́run. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ yọ bílíọ̀nù 90 náírà láti fi dín owó Haji kù fún àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti fi owó ìlú rán èèyàn lọ sí Jerúsálẹ́mù láti ọdún pípẹ́. Haji kò pọn dandan fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Jerúsálẹ́mù kò pọn dandan fún Kristẹni kankan. Sísan gbèsè ni ó pọn dandan nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Owó tó tọ́ sí arúgbó ní Òṣogbo tàbí ní Kàdúná, tí a wá fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ẹlòmíràn lọ kí Ọlọ́run, Kọ́bánì gan-an ni.

Níbi tí ìjọba ti ń gbìyànjú pàápàá, èdè àánú kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní 2007, ti ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ lọ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ rẹ̀, LASPEC, máa ń pe àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì jọ láti fún wọn ní ìwé owó wọn. Gbọ̀ngàn á kún, pásítọ̀ á gbàdúrà, àáfà á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà á bọ́ síwájú láti dúpẹ́ lórúkọ àwọn yòókù: Ọlọ́run á gbé gómìnà ga, Ọlọ́run á ṣe é tọmọtọmọ. Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ti dúró pẹ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Àmọ́ nígbà tí a bá ń dúpẹ́ gbèsè bí ẹni gba ọrẹ, a ń kọ́ ẹni tó jẹ wá pé ó lè yàn láti má san án. Ẹni tí kò tíì rí tirẹ̀ gbà nínú gbọ̀ngàn yẹn á lọ sílé pẹ̀lú èrò pé àdúrà tòun ni kò tíì gbà.

Ìwọ tí o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, béèrè ìwé àkọsílẹ̀ àpò pẹ́ńṣàn rẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí o fi wé ohun tí wọ́n ń yọ lórí ìwé owó oṣù rẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń yọ ọ́ lóṣooṣù tí wọn kì í fi ránṣẹ́. Irú ẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Má dúró di ẹni ọgọ́ta ọdún kí o tó mọ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù, ìdìbò 2027 kò jìnnà mọ́. Àwọn olùdíje yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní Jímọ̀ àti ní Àìkú, wọn á kúnlẹ̀, wọn á ní kí ẹ gbàdúrà fún àwọn. Kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé orí ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè níwájú ìjọ: èló ni ìpínlẹ̀ yìí jẹ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rẹ̀, ojú ewé wo ni owó náà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, oṣù wo lẹ sì máa san án tán?